Kóró Ìyeyè Márùn-ún

Fẹ́hìntọlá, ọmọ Àwẹ̀ró, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2019, nígbà tí agboolé Akajọ́ péjọ fún ìrántí ogójì ọjọ́ ìyá rẹ̀. Jọláadé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ, jókòó síbẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Ibi méjì péré ni ó ti dá a dúró láti tún ọ̀rọ̀ ṣe, ara rẹ̀ ni ó sì dá lẹ́bi níbi méjèèjì.

Ìlú àgbẹ̀ ni Ìdí-Ìyeyè. Ata àti tìmátì ni wọ́n ń gbìn jù níbẹ̀, ọrọọrún ni wọ́n sì ń ná ọjà wọn. Ará ìlú kì í ra ata ara wọn. Awakọ̀ mẹ́rìnlá láti Ìlọrin ni ó ń wá kó o. Bí ọkọ̀ bá dé, ọjà kún. Bí ọkọ̀ kò bá dé, ata yóò rà, nítorí ata tí a bá ti ká kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní òdìkejì odò, níbi tí kò ju máìlì mẹ́rin lọ, ni ọjà Ẹ̀gúré wà. Àwọn ará Ẹ̀gúré náà ń gbin ata, ó sì ti pẹ́ tí ojú wọn ti wà lára àwọn awakọ̀ wọ̀nyí. Tọmọdé tàgbà Ìdí-Ìyeyè ló mọ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ mẹ́rìnlá náà bá yà sí Ẹ̀gúré, ọjà tiwọn di pápá ewúrẹ́.

Àwẹ̀ró ni Akajọ́ ìlú. Oyè agboolé wọn ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó fi lé e lọ́wọ́ kí ó tó kú. Iṣẹ́ Akajọ́ ni pé kí ó mọ ọjọ́ tí ọjà kàn, kí ó sì jẹ́ kí àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá mọ̀ ọ́n. Kóró ìyeyè márùn-ún tó ti dán nítorí ọwọ́ ni ó tò sí ẹnu fèrèsé yàrá rẹ̀, yóò sì sún ọ̀kan láràárọ̀. Láyé àtijọ́, ìránṣẹ́ ni Akajọ́ ń rán. Nígbà tí fóònù dé, Àwẹ̀ró ń pe awakọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjà.

"Súlè, ọ̀la ni o."

"Mo gbọ́, Ìyá wa."

Ó parí. Súlè ni olórí àwọn awakọ̀ náà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ gbólóhùn kan yìí.

Ní ìparí ọdún 2017, ojú Àwẹ̀ró kò ríran dáadáa mọ́. Ó pe Súlè lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, ó sì gbàgbé àwọn mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta náà kò wá, ata tí wọn ì bá kó sì ṣòfò. Fẹ́hìntọlá, tí oko ata rẹ̀ tóbi jù nínú ilé náà, ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe kí ó tó di pé gbogbo wọn ni kò ní wá. Ó ránṣẹ́ sí Jọláadé.

Jọláadé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Kàfànṣán lókè Ọya ni wọ́n ti bí i, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi kú. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kò lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ rí ní Ìdí-Ìyeyè. Ní Ìbàdàn, kíkọ kóòdù ni ó fi ń jẹun, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a ń kọ sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí iṣẹ́ náà. Ohun tí ẹlòmíràn yóò fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, Jọláadé yóò fi ọ̀sán kan ṣe é, yóò tún rí àyè jẹ ẹ̀bà.

"Èyí kò le, Àǹtí," ni ó sọ nígbà tí ó dé nínú oṣù Kejì ọdún 2018. "Màá kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn awakọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà ò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ mélòó mélòó lẹ ń ná ọjà?"

"Ọrọọrún ni."

"Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó gba nọ́ńbà fóònù àwọn awakọ̀. Wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, ni ọjà tó ń bọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ tán. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé.

"Àdìgún ọkọ mi, ṣé o ti ṣe tán náà nìyẹn?" ni Àwẹ̀ró fi oríkì rẹ̀ bi í láti ìdí fèrèsé.

"Mo ti ṣe tán, Ìyá Àgbà. Ẹ sinmi. Ẹ̀rọ yìí mọ ọjọ́ ọjà yín títí di ọdún 2050."

"Háà! Èmi tí mo ń kà á, n ò mọ ti oṣù mẹ́fà òní."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bi í ohun tó ní lọ́kàn.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá dé. Fẹ́hìntọlá pe Jọláadé láti inú ọjà, ó gbé fóònù sókè kí ó lè gbọ́ ariwo. "Ẹnjiníà wa!" ni àwọn obìnrin ń kígbe. Ó dùn mọ́ Jọláadé nínú. Ó ṣiṣẹ́, kí ni ó tún kù?

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje, ni ọjà mìíràn. Ọkọ̀ kankan kò wá. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ, ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wọlé ní òwúrọ̀ kùtù, wọ́n bá pápá gbalasa. Súlè sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ̀yin ará ibí, ṣé ewúrẹ́ lẹ ní ká wá kó ni?"

Àwẹ̀ró ni ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ láti bá Jọláadé sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. "Ka ọrún fún mi, kí n gbọ́. Ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀, kí ni o pè é?"

"Òdo, Ìyá Àgbà. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀."

"Òdo! Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti orí òfìfo? Ọjọ́ ọjà ni èkínní. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni èkejì. Nígbà tí o bá dé orí ìkarùn-ún, o ti dé ọjà, ìkarùn-ún náà ló tún di èkínní ọjà tó kàn. Kóró márùn-ún ni mo ní, àmọ́ mẹ́rin ni mò ń sún kí n tó dé ọjà."

Jọláadé rí i lójú ẹsẹ̀. Ó yí márùn-ún padà sí mẹ́rin. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọ̀rọ̀ Súlè ni kò rọrùn bẹ́ẹ̀. "Ìyá wa, nítorí tiyín ni a fi fojú fò ó," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan là ń fojú foǹkan. Bí a bá tún wá bá ewúrẹ́, Ẹ̀gúré ò jìnnà o."

Nígbà tí ọjà ti bọ́ sójú ọ̀nà padà, Àwẹ̀ró tún pe ọmọ ọmọ rẹ̀. "Wá jókòó tì mí fún ọjà mẹ́ta. Ohun tí o tún ṣe yẹn, òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀."

"Bí àyè bá yọ, Ìyá Àgbà."

Àyè kò yọ. Níbí yìí ni Jọláadé ti kọ́kọ́ dá Fẹ́hìntọlá dúró nínú ìtàn rẹ̀. Fẹ́hìntọlá ní iṣẹ́ ni ó pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà ní Ìbàdàn. "Rárá, Àǹtí," ni Jọláadé wí, "iṣẹ́ kankan ò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé kò sí ohun tí mo lè kọ́ lára kóró ìyeyè ni."

Ètò náà ṣiṣẹ́ fún oṣù márùn-ún láìsí àbùkù. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Àwẹ̀ró ṣì ń sún kóró rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pe awakọ̀ kankan mọ́. Wọ́n ti ní kí ó sinmi.

Ní Ìdí-Ìyeyè, ọjọ́ kan wà lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní Àgbálẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ iṣu tuntun ni àwọn àgbà máa ń dá a. Ẹni tó dàgbà jù ní agboolé kọ̀ọ̀kan yóò mú ọwọ̀ jáde, wọn yóò gbá ilẹ̀ ọjà láti igun dé igun títí ipa ọwọ̀ yóò fi hàn lórí rẹ̀ bí ìlà lára ẹní. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé ẹrù gba orí ilẹ̀ náà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Bí ọjà bá wá bọ́ sí ọjọ́ Àgbálẹ̀, Akajọ́ yóò jẹ́ kí wọ́n ná an ní ọjọ́ tó ṣáájú, láti orí ọjọ́ tuntun náà ni yóò sì ti máa ka ìyókù lọ. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2012 ni ó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn.

Ní ọdún 2018, Àgbálẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ ọjà sì ni. Àwẹ̀ró sún kóró méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kéde pé Ọjọ́bọ̀ ni ọjà. Gbogbo ìlú gbọ́, gbogbo ìlú ká ata ní Ọjọ́rú. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí Jọláadé, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti wí fún wọn pé ẹ̀rọ náà mọ ọjọ́ ọjà títí di ọdún 2050.

Ní Ọjọ́bọ̀, agbọ̀n ata pupa àti tìmátì tò lọ bẹẹrẹ láti ìdí igi ìyeyè dé ẹ̀bá títì. Aago mẹ́wàá lù, ọkọ̀ kan kò dé. Aago méjìlá lù. Ní aago méjì, omi ti ń kán láti abẹ́ agbọ̀n. Fẹ́hìntọlá pe Ìbàdàn.

"Jọláadé, ọkọ̀ dà?"

Jọláadé wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Àǹtí, ọ̀la ni ọjà."

"Èwo ni ọ̀la? Orí ata ni mo jókòó lé! Agbọ̀n méjìlélógójì!"

"Ẹ̀rọ ní ọ̀la ni, Àǹtí. Ẹ̀rọ kì í ṣi òǹkà. Àbí ẹ̀yin lẹ ṣì í?"

"Ọ̀la ni Àgbálẹ̀! A ti fi ọjà síwájú, ìwọ ọmọ yìí. Pe Súlè!"

Ìpè náà já. Fẹ́hìntọlá pe Súlè fúnra rẹ̀, fóònù Súlè kò wọlé. Ó tún gbìyànjú títí iná fi tán lára fóònù tirẹ̀.

Nígbà tí Fẹ́hìntọlá ń sọ ìtàn náà, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé Jọláadé. Ibẹ̀ ni Jọláadé ti dá a dúró lẹ́ẹ̀kejì. "Ó yé mi, Àǹtí. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Mi ò kàn gbà ni. Mo rò pé ẹ̀rọ ló tọ́, pé ìlú ló ṣì í. N ò pe Súlè."

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdí-Ìyeyè. Ohun tó bá níbẹ̀ ni kò ní gbàgbé láéláé. Àwọn àgbà dúró lẹ́bàá ọjà, ọwọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ẹnu wọn sì wà ní yíyà. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wọn, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rìnlá sì dúró lé e lórí. Ipa táyà ti la gbogbo rẹ̀ já bí ẹni fi ọkọ́ kọ ọ́. Ní ẹ̀bá títì, lẹ́yìn wọn, ni ata àná ń rùn.

Súlè ti mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí Àwẹ̀ró tó jókòó lórí àpótí.

"Ìyá wa, ogún ọdún ni mo ti ń rin ọ̀nà ọjà yìí. Ẹ di ojú mi, màá wa ọkọ̀ débí. Mo mọ gbogbo kòtò rẹ̀, mo mọ ibi tí ajá ti ń gbó. Wàyí o, mo rìn ín dé ibi ìtìjú. Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni?"

Jọláadé jáde síwájú, ó dọ̀bálẹ̀. "Tèmi ni, sà."

Súlè wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹnjiníà! Ìwọ ni a ń wá. A dúpẹ́ o." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Ìyá wa, ẹ má bínú. Ẹ̀gúré là ń lọ."

Ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá yí orí padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọrí sí ọ̀nà odò.

Àwọn àgbà ní láti tún ilẹ̀ gbá. Jọláadé tọrọ ọwọ̀ kan, wọ́n sì fún un. Ó gbá ilẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí ó gbá dé ìdí igi tí ìyá àgbà rẹ̀ jókòó sí, ó nàró.

"Ìyá Àgbà, mo ti rí ibi tó ti bàjẹ́. Bí mo bá yọ ọjọ́ kan kúrò, ó tán."

"O yọ ọ̀kan nínú oṣù Kẹta. O fẹ́ yọ ọ̀kan lónìí. Yíyọ yìí, ibo ló ń parí sí?"

Jọláadé gbé ọwọ̀ sílẹ̀. "Kí ni àwọn nǹkan tó lè mú ọjà kúrò ní ọjọ́ rẹ̀?"

Àwẹ̀ró nawọ́ sí ilẹ̀ lẹ́bàá àpótí rẹ̀. "Láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè tí mo ń retí nìyẹn. Jókòó."

Ó sọ ti Àgbálẹ̀. Ó sọ pé bí ọba bá wàjà, ọjọ́ méje ni ọjà kì í fi ná. Ó sọ pé bí odò bá kún bo afárá, ọjà wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà òkè ni kí awakọ̀ gbà, wọn yóò sì ní láti tètè kúrò nílé. "Èyí tó kù, bí Akajọ́ bá kú, ọjà kì í ná títí wọn ó fi sin ín. Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni ọjà tuntun, ibẹ̀ ni òǹkà tuntun ti bẹ̀rẹ̀."

"Ìyá Àgbà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Èwo ni má sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ̀rọ rẹ rò pé n ò ní kú ni?"

Jọláadé fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in.

"Gbọ́, Àdìgún," ni Àwẹ̀ró wí. "O rò pé kóró sísún ni iṣẹ́ mi. Ọmọ ọdún márùn-ún lè sún kóró. Kóró ò mọ̀ pé ọba wàjà, kò mọ̀ pé afárá rì. Èmi ni mo gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, kí n tó fọwọ́ kan kóró. Ohun tí o kọ́ fún ẹ̀rọ rẹ, kóró sísún ni. Ó sì ń sún un dáadáa, n ò jiyàn."

Jọláadé kò padà sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kò sì ṣí kọ̀ǹpútà títí ìwé náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó jókòó ti Àwẹ̀ró láràárọ̀. Ó lọ bi àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń dá ọjọ́ Àgbálẹ̀. Ó bi apẹja kan bí omi ṣe ń ga tó kí afárá tó rì. Gbogbo ìgbà tí Àwẹ̀ró rántí pé ọjà kúrò lọ́jọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti di Akajọ́ ni ó kọ sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọba àná wàjà títí dé Àgbálẹ̀ ọdún 2012.

Lẹ́yìn náà ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, sí gáréèjì àwọn awakọ̀. Súlè rí i lókèèrè.

"Ẹnjiníà Ọ̀la-ni-ọjà! Èwo lo tún gbé dé?"

"Mi ò gbé nǹkan kan dé, sà. Mo wá béèrè ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ mi bá wọlé, báwo lẹ ṣe ń lò ó?"

Súlè pòṣé, ṣùgbọ́n ó dáhùn. "Èmi ò mọ̀wé. Mẹ́fà nínú wa ò mọ̀wé. Ọmọ ni ń kà á fún wa, bí ọmọ bá wà nílé. Ohùn Ìyá wa là ń fẹ́ gbọ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Ìwọ náà ò bi wá."

Jọláadé kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí ó padà délé, ó tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Kóòdù rẹ̀ kò gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀. Ohun tó yí i ká ni ó pọ̀. Ó kọ́kọ́ mú àwọn ọjọ́ àtijọ́ inú ìwé náà, ó fi dán ẹ̀rọ wò, kí ó mọ̀ bóyá yóò dá ọjọ́ tí Àwẹ̀ró dá nígbà náà. Ibi mẹ́ta ni ó ti kùnà, ó sì tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Ó gba ohùn Àwẹ̀ró sílẹ̀ kí ẹ̀rọ máa fi pe àwọn awakọ̀: "Ọ̀la ni o." Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, yóò kọ́kọ́ pe Àwẹ̀ró, yóò bi í bóyá ọ̀la dúró. Bí kò bá gbé e, yóò pe Fẹ́hìntọlá. Bí Fẹ́hìntọlá kò bá gbé e, yóò pe àgbà kan nínú ìlú. Bí ẹnìkan kò bá dáhùn, yóò sọ fún awakọ̀ pé òun kò mọ̀, kí wọ́n béèrè.

"Ẹ̀rọ tó ń sọ pé òun ò mọ̀!" ni Fẹ́hìntọlá wí. "Èyí ti gbọ́n ju ẹni tó ṣe é lọ."

Jọláadé kọ gbogbo bí iṣẹ́ náà ṣe rí sínú ìwé kejì, ní Yorùbá, kí ẹlòmíràn tó mọ kóòdù lè tọ́jú rẹ̀ bí òun kò bá sí nítòsí. Kò sì jẹ́ kí Àwẹ̀ró kó kóró rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé. Fún ọjà mẹ́sàn-án, wọ́n ń wo kóró, wọ́n ń wo ẹ̀rọ, wọ́n sì ń rí i pé ọ̀rọ̀ wọn jọra.

Àwọn awakọ̀ méje gbà láti padà wá. Méje dúró sí Ẹ̀gúré. "Nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, ta ni kò mọ ọ̀nà?" ni Súlè wí. "Ọjọ́ tí nǹkan bá tún yí padà ni a ó mọ̀ bóyá ẹ ti gbọ́n. Títí dìgbà náà, ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún." Bẹ́ẹ̀ ni ọjà Ìdí-Ìyeyè ń ná ní ààbọ̀ fún ọdún kan ó lé. Ìdajì ata ń rí ọkọ̀. Àwọn obìnrin ń sá ìdajì sóòrùn, wọn kò sì dẹ́kun kíkùn. Àgbálẹ̀ ọdún 2019 kò bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kò sì sí ohun tó dán ẹnikẹ́ni wò.

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Àwẹ̀ró sùn kò jí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ọjọ́ kejì ni ọjà.

Ilé dàrú. Kò sí ẹni tó rántí ọjà. Jọláadé wà lójú ọ̀nà láti Ìbàdàn, ẹkún kò jẹ́ kí ó rántí kọ̀ǹpútà. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, fóònù Àwẹ̀ró dún lórí àpótí lẹ́bàá ibùsùn. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́. Kò pẹ́, ti Fẹ́hìntọlá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó gbé e sétí, ó gbọ́ ẹ̀rọ tó ń bi í bóyá ọ̀la dúró. Ó kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni ó rántí pé ìyá òun fúnra rẹ̀ ti pe òun jókòó ní ọdún tó kọjá, pé kí òun sọ̀rọ̀ kan sínú ẹ̀rọ Jọláadé fún ọjọ́ báyìí. Ó tẹ nọ́ńbà tí Jọláadé kọ́ ọ.

Ní ọ̀sán, fóònù mẹ́rìnlá dún, ti àwọn tó ń wá àti ti àwọn tó ti lọ sí Ẹ̀gúré. Súlè gbé tirẹ̀ nínú gáréèjì. Kì í ṣe ohùn tó ti ń gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó gbọ́. Kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, ó ti jókòó sílẹ̀.

"Fẹ́hìntọlá ni o. Ìyá wa ti lọ. Ọ̀la kọ́. Ẹ dúró de ìpè mi."

Ọkọ̀ kan kò gbéra ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n sin Àwẹ̀ró ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Jọláadé dúró níwájú fèrèsé ìyá àgbà rẹ̀, ó ka ọjọ́ náà lórí kóró: ọjọ́ ìsìnkú ni èkínní, Àìkú ni èkejì, Ajé ni ẹ̀kẹta. Ó wo ẹ̀rọ. Ajé ni ẹ̀rọ náà wí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ohùn Fẹ́hìntọlá tún wọlé sí fóònù mẹ́rìnlá: "Ọ̀la ni o."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, agbọ̀n ata ti tò dé ẹ̀bá títì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Jọláadé dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó ń ka ọkọ̀ bí wọ́n ti ń yọ lókè. Méje. Ó na ọrùn wo ojú ọ̀nà. Ẹ̀kẹjọ yọ, ẹ̀kẹsàn-án tẹ̀ lé e, títí ó fi pé mẹ́rìnlá. Súlè sọ̀ kalẹ̀ nínú tirẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó kọjú sí agboolé Akajọ́, ó tẹ̀ ba fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá bá Jọláadé.

"Ẹnjiníà," ni ó wí, kò sì sí yẹ̀yẹ́ nínú ohùn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, "èmi tí mo mọ ọ̀nà, mo dúró de ìpè kí n tó gbéra. Ìwọ náà béèrè kí o tó pè wá. Ẹ̀yin obìnrin, ata dà?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ni ọ̀rọ̀ náà yanjú, láti ọjọ́ náà sì ni àwọn àgbà Ìdí-Ìyeyè ti ń pa á lówe fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ju ìbéèrè rẹ̀ lọ pé: ẹni tó mọ ọ̀nà ọjà, kó béèrè ọjọ́ ọjà.